Àlejò Tí Kò Rí Ẹni Bá Jẹun

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó to àwo mẹ́rin sórí apá kan ṣoṣo, tó ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí ọbẹ̀ ò sì ta sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ-Má-Dìde nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ló fi ṣe agbáwo nínú òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé bí oníbàárà bá ti fẹ́ na ọwọ́ sí ìgò iyọ̀ báyìí, òun ti dé ibẹ̀: "Ẹ má dìde, sà, mo ti mú un wá."

Bó bá di ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún àlejò, ẹ fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó o. Apá òsì àlejò ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kó àwo kúrò. Bí fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ bá sùn ti ara wọn nínú àwo, àlejò ti yó nìyẹn, ẹ gbé e kúrò kíá. Agbáwo tó bá jẹ́ kí àlejò jókòó ti àwo tó ti jẹ tán, lójú tirẹ̀, kí onítọ̀hún lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àwọn ọmọṣẹ́ tuntun ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, gbogbo ayé ló ti gbé oúnjẹ fún tán, ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ọmọ ọdún méje ni Ẹ-Má-Dìde nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Oṣù yẹn gan-an ló fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó ń ru búlọ́ọ̀kù, kí àbúrò má bàa fi tirẹ̀ sílẹ̀. Inú abọ́ kan ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n á rọra máa ṣà á jẹ, kò ní pẹ́ táá fi nu ọwọ́, á ní òun ti yó. Irọ́ ńlá! Ọmọkùnrin tó ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ yó níbo?

Nígbà tí kálukú wá di onílé tirẹ̀, iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ríra bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí ara ń tu àwọn ẹlòmíràn ni òtẹ́ẹ̀lì máa ń kún. Bí ẹ̀gbọ́n bá yà lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ní àbúrò ti lọ síbi iṣẹ́. Ìkíni orí ìdúró ni wọ́n ń bára wọn kí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí Ẹ-Má-Dìde fẹ̀yìn tì, tí òtẹ́ẹ̀lì sì fi àwo méjìlá tó ní etí búlúù ta á lọ́rẹ, ẹ̀gbọ́n ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn èèyàn ńlá."

Ẹ̀gbọ́n gbà lórí fóònù. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tiẹ̀ wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù."

"Kò burú rárá. Bẹ́ ẹ bá ti dé, a jọ máa sọ ọ́."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹnì kankan kò fi sí i lẹ́nu.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyàwó rẹ̀ se ọbẹ̀ ata, ó se ìrẹsì, ó dín adìyẹ. Ọkọ fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ tábìlì funfun, ó lọ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Lẹ́yìn náà ló wọ inú yàrá, ó sì wọ kóòtù funfun ibi iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ìyàwó ya ẹnu. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ̀gbọ́n yín ló ń bọ̀, àbí gómìnà?"

Ọkọ sún mọ́ tábìlì. Ó rí i pé ìyàwó ti gbé àwo méjì sórí tábìlì, ó mú ọ̀kan kúrò.

"Ẹ̀yin ò ní bá wọn jẹun ni?"

"Bí mo bá jókòó, ta ló máa gbé oúnjẹ?"

"Èmi ńkọ́? Ṣé mi ò lọ́wọ́ ni?"

"O lọ́wọ́. O ò mọ̀ ọ́n gbé ni."

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn! Obìnrin tó ti ń gbé oúnjẹ fún un láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́sàn-án, ó wọ aṣọ tó mọ́ àti fìlà, ọwọ́ rẹ̀ le koránkorán bíi sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ. Ó wo tábìlì, ó rí àga kan ṣoṣo níbẹ̀. "Àga tìrẹ dà?"

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà jókòó. Ọjọ́ yín lòní."

Ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀gbọ́n lá a díẹ̀, ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó wú ikọ́. "Àbúrò, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ lórí fóònù yẹn..." Àwo ti kúrò níwájú rẹ̀. "Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ìrẹsì ò gbọdọ̀ tutù."

Ìrẹsì dé tòun ti adìyẹ. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tí ò níye ń bá ẹsẹ̀ adìyẹ kan ṣoṣo jìjàkadì pẹ̀lú fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ. Ọwọ́ ni ì bá fi mú un, àmọ́ aṣọ tábìlì funfun yẹn ń dẹ́rù bà á. Nígbà tó ṣe, ó tẹ́ fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ti ara wọn nínú àwo, oúnjẹ kò tíì dé ìdajì, ó nu ẹnu, ó yí ọrùn wo ẹ̀yìn, torí pé ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni àbúrò dúró sí, tó gbé aṣọ ìnuwọ́ kọ́ apá. "Jókòó ná, àbúrò mi."

Àbúrò ò tilẹ̀ gbọ́. Fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ nìkan ni ojú rẹ̀ rí. Ó gba apá ọ̀tún wọlé, ó gbé àwo lọ. Ó gbé èso dé. Ó gbé omi ìfọwọ́ dé, ó gbé igi ìtayín dé. Iṣẹ́ yẹn dán mọ́ran, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sí àléébù kan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O mọṣẹ́, àbúrò mi." Ó mú fìlà rẹ̀.

Orí agbáwo wú. Ilé ìdáná ló kó àwo lọ, ó ní òun fẹ́ fọ̀ wọ́n kí epo má bàa gbẹ mọ́ wọn lára. Ìyàwó ló sin àlejò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà tètè ń lọ."

"Wọ́n ti palẹ̀ mọ́, ìyàwó wa. Mo ní kí n wá bá àbúrò mi jẹun ni, agbáwo ni mo bá nílé." Ó rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyàwó sọ ọ́ fún ọkọ, ṣé ẹ mọ ohun tí alákọrí yìí sọ? "Ó yìn mí nìyẹn!"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ ńkọ́?"

"Wọ́n á sọ ọ́ nígbà mìíràn. Ṣé ọ̀rọ̀ máa ń bà jẹ́ ni?"

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí kò bọ́, àmọ́ apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi bírò sí i lọ́wọ́ òsì. Ó fà á síwá, ó fà á sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ẹ-Má-Dìde fa ìyàwó ẹ̀gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi náà ò mọ̀, ọkọ mi kékeré. Mo bi wọ́n títí. Wọ́n ní àbúrò àwọn làwọn máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ yín dé, mo ní ṣé ẹ ti sọ ọ́, wọ́n ní ẹ ò ráyè jókòó."

Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, níwájú gbogbo èèyàn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀. Wákàtí kan péré ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, ẹni tó gbé e tọ́ ló bẹ̀ ẹ́, kò jókòó.

Ní báyìí, kò sí ọjọ́ Àìkú tí kò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé àga sí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n á gbé oúnjẹ fún àwọn méjèèjì, àbúrò á sì máa bèèrè, ẹ̀gbọ́n á máa fi orí dá a lóhùn. Ṣé ọ̀rọ̀ ilé ni? Rárá. Ṣé ti àwọn ọmọ ni? Rárá. Àbí ti màmá wa? Rárá. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Èyí gan-an ni ẹ̀gbọ́n yára mi orí sí jù, rárá, rárá. Nígbà mìíràn ó máa ń la ẹnu, á fi gbogbo agbára wá ọ̀rọ̀ náà títí òógùn á fi bo iwájú orí rẹ̀, ohùn lásán ló ń jáde.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ro ó láti àná, àbí ṣe ni..." Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dá a dúró. Ó nawọ́ sí oúnjẹ tó wà níwájú àbúrò, ó fi orí ṣe àpèjúwe fún un pé kó jẹun. Ẹ-Má-Dìde wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò ní wá a mọ́. Ó tẹrí ba, ó ń jẹun, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́.