Ibi Tí Wọn Ò Ti Bi Ẹ̀gbọ́n

Ọjọ́ tí mo ka ibi tí wọ́n ti wá tọrọ àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n nínú ìwé ìtàn kan, gbogbo ọwọ́ ló dúró nílé èso. Èso ọ̀pẹ wà lórí ẹní, ẹnikẹ́ni ò ṣà á mọ́. Màmá Yókò, tó dàgbà jù nínú wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Tún ibẹ̀ kà. Bóyá o fo ojú ìwé kan."

N kò fo nǹkan kan.

Ọgbà ọ̀pẹ kan ní Pobẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí Dàhómè gba òmìnira. Sakétẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi dé Pobẹ̀. Nítorí pé mo ti ṣe kọlẹ́ẹ̀jì, wọ́n fi mí sídìí etikẹ́ẹ̀tì, ìyẹn páálí kékeré tí à ń so mọ́ àpò èso kọ̀ọ̀kan, tí a kọ orúkọ ìyá àti bàbá rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pẹ ní ìyá, ó ní bàbá. Àwọn ọkùnrin á fi àpò bo òdòdó igi kan, wọ́n á wá bu ìyẹ̀fun òdòdó igi mìíràn sí i, kí á lè mọ ẹni tó bí èso náà. Àwọn obìnrin ló ń ṣa èso tí wọ́n ti bó. Èyí tó là àti èyí tó rà, ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó dára nìkan là ń gbìn. Bí èso àpò méjì bá dàpọ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Màmá Yókò á ní, "Ọmọ tí a ò mọ bàbá rẹ̀, àdín ni kí ẹ fi í ṣe."

Ìwé náà, ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ń kúrò ní kọlẹ́ẹ̀jì ni. Ìtàn àtijọ́ ni, lédè Faransé: ọmọ ìyá mẹ́ta, obìnrin ni gbogbo wọn, tí wọ́n ń dàgbà lọ́dọ̀ ìyá wọn tó jẹ́ opó. Lọ́jọ́ òjò kan, ọmọ mi sùn sí ẹ̀yìn mi, mo ti kọ etikẹ́ẹ̀tì tán, mo bá ń kà á, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ní kí n má dá ẹ̀rín jẹ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn ní Ànàgó, Yorùbá tiwa, nìyẹn. Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá iṣẹ́ wa, gbà, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ọwọ́ ò ní dúró.

Ẹnu wọn ò kò lórí ìwé yẹn rí. Màmá Yókò ò fẹ́ràn àbíkẹ́yìn, nítorí pé orúkọ lásán ló fi ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta ló tọ́ ìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wọn nìyẹn, Màmá."

"Ilẹ̀ yòówù kó jẹ́."

Ìyá Màríà, tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, ní àdúrà àkọ́bí ló gbé ilé náà dúró. Màmá Yókò ní àdúrà kọ́, ọmọ náà ò lẹ́nu ni. Èmi sọ fún wọn pé àbíkẹ́yìn ni mo fẹ́ràn, torí ó máa ń sọ ohun tó bá wà nínú rẹ̀. "A ti mọ̀," ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ìyá Àbẹ̀ní nìkan ni kì í dá sí i. Àbẹ̀ní, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ìránṣọ ní Sakétẹ́, kò sì tíì lọ́kọ. Àwọn ará ilé káfíńtà kan ti wá tọrọ Àṣàkẹ́, àbúrò rẹ̀. Ẹbí àwọn ọmọ náà ní Aguidi fárígá: àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n lọ ilé ọkọ. Àwọn àna fẹ́ gbọ́ èsì lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí kò bá sí, wọ́n á wá ibòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi gbé èso ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n wí?" ó bi mí.

"Kò wí nǹkan kan. Ó ń rán aṣọ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀."

"Wọn ò bi í ni?"

Mo wo ojú ìwé náà títí. Wọn ò bi í. Àìmọye ìgbà ni mo ti kà á, n kò rí i rí.

"Ọlọ́run ló mọ ìgbà oníkálukú," Ìyá Màríà ní. "Kí àbúrò máa lọ."

"Ọlọ́run mọ ìgbà," Màmá Yókò ní, "ṣùgbọ́n kí àbúrò kúnlẹ̀, kó tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Kò sí nínú ìwé, Màmá."

"Fi í sí i. Ṣebí ìwọ lo ń kà á."

Ṣẹ́ẹ̀fù yọjú. "Ẹ̀yin ìyá, èso ò ní ṣa ara rẹ̀ o."

"Ṣẹ́ẹ̀fù, nílé yín, ta ló kọ́kọ́ lọ́kọ, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò?" Màmá Yókò bi í.

"Àbúrò ni. Títí di òní, wọn kì í kí ara wọn." Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

Ìyá Àbẹ̀ní ò gbé ojú kúrò lára mi. Ohunkóhun tí mo bá fi sẹ́nu ẹ̀gbọ́n inú ìwé yẹn, òun ló máa gbé délé. Mo lè fi 'bẹ́ẹ̀ ni' sí i, mo lè fi 'bẹ́ẹ̀ kọ́'. Ẹ̀rù bà mí.

"Ìyá Àbẹ̀ní," mo ní, "èmi ò mọ ohun tí ti inú ìwé máa wí. Àmọ́ Àbẹ̀ní tó wà ní Sakétẹ́ lẹ́nu. Ṣé ẹ ti bi í?"

"Ojú ló ń tì mí," ó ní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ń gbé ọmọ lọ han ìyá mi, a sì jọ wọ takísí kan náà, Ìyá Àbẹ̀ní, Àṣàkẹ́ àti èmi. Mo bá wọn dé àgbàlá aránṣọ tí Àbẹ̀ní ń bá ṣiṣẹ́. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbẹ̀ní yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

"Dìde. Aṣọ oníbàárà lo kúnlẹ̀ lé."

Àṣàkẹ́ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà ni mo wá tọrọ."

Àbẹ̀ní gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Gbogbo Aguidi ló ti sọ ohun tó wà nínú mi, àfi èmi," ó ní. "Ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi ni mò ń wá, kì í ṣe ọkọ, ó kéré tán ní báyìí. Ọ̀nà là fún ọ, máa lọ. Èmi ni màá rán aṣọ rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán mi lójú."

Ìyá wọn fi etí ìró nu ojú. Mo yíjú sí ọmọ mi.

Nígbà tí mo padà sílé èso, mo fi ìkúnlẹ̀ náà sí ìtàn bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí a ka ìwé náà tán, Màmá Yókò ní, "Ìwé náà dára. Àlàfo kan ló wà nínú rẹ̀, a sì ti dí i."

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi nígbà náà ti ní àbúrò obìnrin, mo sì ń ka ìwé náà fún àwọn méjèèjì. Bí a bá ti dé ibi tí wọ́n ti wá tọrọ àbúrò, èyí kékeré á kúnlẹ̀ lórí ẹní fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ṣe bí ẹni ń rò ó, á wá ní kó dìde. N kò tíì sọ fún wọn pé ìkúnlẹ̀ yẹn ò sí nínú ìwé.