Àkísà Tó Wà Lẹ́nu Páìpù Bàálù

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọwọ́ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan là ń tọ́jú ní oko ńlá kan lẹ́yìn Ayétòrò. Òun ni wọ́n fi ń fọ́n oògùn kòkòrò sórí òwú àti àgbàdo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni ọ̀gá mẹkáníìkì oko náà. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Òun ló mú mi kúrò ní Òkè-Ọ̀dàn nígbà tí bàbá mi kú, ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun.

Ohun àkọ́kọ́ tó fi hàn mí lára bàálù yẹn ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ lábẹ́ ikùn rẹ̀.

Ó ní, "Imú tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí nìyí. Èéfín tó bá há sínú, ibí ló ń gbà jáde, ọ́ìlì díẹ̀ á sì máa bá a jáde. Má dí i láé. Bó o bá dí i, èémí yẹn á fipá gba ibòmíì, ọ́ìlì á sì tẹ̀ lé e."

Èmi ni mò ń nu ikùn bàálù láràárọ̀, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rí i pé ọ́ìlì tó ń dà ti ń pọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé a máa ń rọ ọ́ìlì kún dé orí géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Nígbà tí mo dín in kù, ẹ́ńjìnnì ò tu ọ́ìlì púpọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n pe páílọ́ọ̀tì tó ń wa bàálù náà wá wò ó, ó gbá mi léjìká, orí mi wú. Àmọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ọ́ìlì tún dé, ó dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ó jọ pé ríìngì tó yí písítìnì ká nínú ẹ́ńjìnnì ti jẹ, ọ́ìlì sì ń gba ibẹ̀ yọ.

"Mo mọ̀. Kútọnu ni ríìngì wà. Ṣé wàá fò kọjá lórí àwọn sójà tó wà ní bọ́dà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lásìkò yẹn, àwọn ará Ìmẹ̀kọ tí oko wọn wà lódìkejì gan-an, ṣe ni wọ́n ń dá wọn padà.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ẹni tó ni oko fẹ́ ta bàálù, àwọn tó fẹ́ rà á sì ń bọ̀ wá wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dé, mo fi kẹrosíìnì fọ ikùn rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ẹ̀gbọ́n ní kí n lọ pọn omi wá ní kànga. Nígbà tí mo dé, ó ń jáde bọ̀ lábẹ́ bàálù.

"Ó ti tán. Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

N kò bi í léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Bàálù gbéra. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ikùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, inú ẹni tó ni oko àti àwọn àlejò rẹ̀ dùn. Nígbà kejì, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Ọ́ìlì ti já síìlì iwájú, rọ́bà tó ń dá a dúró nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti bo gíláàsì, páílọ́ọ̀tì ò ríran mọ́. Inú oko ẹ̀gẹ́ ló balẹ̀ sí. Nígbà tí a fa páílọ́ọ̀tì jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, apá rẹ̀ kan ti kán.

Mo rá wọ abẹ́ bàálù. Àkísà ló wà lẹ́nu páìpù, wọ́n fi wáyà dì í pinpin, kí ọ́ìlì má baà dà sí ikùn bàálù lójú àwọn tó fẹ́ rà á. Kí n tó lanu, mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn mi.

"Àbúrò, kí lo ṣe yìí? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyí?"

Mo wojú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Ẹni tó ni oko béèrè ẹni tó fọ ikùn bàálù. Mo ní èmi ni. Ẹ̀gbọ́n bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ bá mi forí jì í, sà. Ọmọdé ló ń ṣe é." Ẹ̀bẹ̀ tó ń bá mi bẹ̀ yẹn dùn mí ju irọ́ náà lọ.

Mo pariwo pé, "Ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo ti kànga dé!" Wọ́n lé mi lọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo dé Òkè-Ọ̀dàn, màmá mi gbọ́ tẹnu mi tán. Ó ní, "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ síta. Ọmọ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n ẹ ní, ìwọ ò tíì gbéyàwó."

Mo ra ọsàn, mo lọ kí páílọ́ọ̀tì ní ọsibítù ní Ìlaró. Ó ní, "Wọ́n mú wáyà yẹn wá hàn mí. Ọwọ́ ẹ ò tíì lè lọ́ wáyà báyẹn. Mo mọ ẹni tó lọ́ ọ."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn, Bàbá?"

Ó yíjú sí ògiri. "Èmi náà ṣì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Mo gbé ọsàn náà sílẹ̀, mo jáde. Ẹ̀rọ ìlọta àti lọ́rì ni mo ń tún ṣe ní Ìlaró látìgbà náà, n kò sún mọ́ bàálù mọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, Ẹ̀gbọ́n ló jókòó sípò bàbá mi, torí kò sí ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ nínú ẹbí mọ́. Ojú gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn, mo sì ń ṣe àmín. Àdúrà tán, kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí mi. Bóyá ó gbàgbé ni, n kò mọ̀, n kò sì bi í.