Ẹrẹ̀ Ọ̀nà Idigny Láàárín Ìràwọ̀

Èmi ni mo gbé eré àfẹnusọ kan kalẹ̀ fún àwa olùkọ́ mẹ́rin ní Kétu: nínú ìtàn tí à ń jùmọ̀ sọ, à ń fẹnu wa ọkọ̀ òfurufú láàárín ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń fi àwọn olè tí mo fi sínú eré náà ṣe yẹ̀yẹ́. Sánmà fẹ̀ jù, báwo ni wọ́n ṣe máa rí ọkọ̀ mú?

Olùkọ́ tuntun tó wà láàárín wa ní kí àwọn olè náà má lé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n lúgọ síbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń pọnmi, bí àwọn tó ń da omi sí ẹrẹ̀ ọ̀nà Idigny kí alùpùpù lè rì, kí wọ́n lè gbowó láti tì í jáde.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jowú, mi ò lè purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni olùkọ́ tuntun yìí gba ọ̀nà Idigny rí. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń da omi náà. Èmi ni mo máa ń pọn ọ́n fún un.