Ojú Màmá Lára Ògiri

Bàbá àgbà dúró síwájú ògiri pálọ̀, ìpin ṣì wà lójú rẹ̀, aṣọ tó fi sùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán sì ń lọ sókè sódò lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn èédú tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ òróró gba gbogbo ilé. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti la ẹnu, "Bàbá, ẹ káà..." kó tó di pé Màmá àgbà, ìyàwó rẹ̀, fa etí mi láti ẹ̀yìn.

"Ṣé o rí pákò lẹ́nu rẹ̀ ni? Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó kó àlá rẹ̀ kúrò lẹ́nu ná."

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ẹni tí kò tíì fọ ẹnu kì í kí èèyàn, wọn kì í sì í kí i? Àṣà yìí ni Bàbá sọ di irinṣẹ́. Kò ní fọ ẹnu títí àlá òru yóò fi dé ara ògiri. Ó ní tí èèyàn bá ti dáhùn "ẹ káàárọ̀" báyìí, àlá ti sá lọ nìyẹn. Ọjọ́ mìíràn, oòrùn á ti gun orí òkè tó yí Òkè-Ìmẹ̀sí ká, Bàbá ò tíì fọ ẹnu, àlejò á sì jókòó síta.

"Ẹ má bínú, kò tíì jí," ni Màmá máa ń sọ fún wọn.

"Màmá, àwa rí i tó dúró síbẹ̀ yẹn!"

"Ó dúró lóòótọ́. Kò tíì jí ni."

Olùkọ́ ni Bàbá tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán ní Ìpotì, ó kọ́ wọn ní Ìjerò, kó tó fẹ̀yìn tì wá sí ilé. Ó ní àwọn ayàwòrán kan wà lókè òkun tí wọn kì í ya ohun tó wà níta, àlá ni wọ́n ń yà, òun sì rí iṣẹ́ wọn nínú ìwé nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. "Iṣẹ́ wọn dára," ló máa ń wí, "ṣùgbọ́n àlá tiwọn ò ní iṣu nínú." Ilẹ̀ pupa ẹ̀bá títì Ẹ̀fọ̀n ló fi ń ṣe pupa, ẹfun ló fi ń ṣe funfun, búlúù tí a fi ń fọ aṣọ ló fi ń ya ojú ọ̀run.

Mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn àwòrán náà ń bani lẹ́rù. Òkè kan dìde, ó ru agbọ̀n iṣu, ó ń lọ sọ́jà. Ẹja àrọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Eyín èèyàn to ara wọn jọ di àkàbà, ọmọ kan sì ń gùn ún lọ sókè. Ní àárín gbogbo rẹ̀ ni Màmá fúnra rẹ̀ wà, ilẹ̀kùn wà láyà rẹ̀, omi ń ṣàn jáde níbẹ̀. Màmá máa ń dúró wò ó, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ fi ilẹ̀kùn sí mi láyà, ẹ ò sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́," ni Bàbá á wí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ wá ṣe àdúrà nílé wa, ọ̀kan nínú wọn ní kí Màmá jọ̀ọ́ kó fi aṣọ bo ògiri, pé ọkàn àwọn ò balẹ̀. Màmá ní, "Ẹ dijú. Àbí ojú líla sílẹ̀ lẹ fi ń gbàdúrà ní tiyín?" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, àdúrà náà ò sì gùn.

Inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í run Màmá. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a ò sì gbé e padà wálé láàyè. Wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí mọ́ṣúárì ní Aramọ̀kọ kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi lè ráyè dé. Bàbá ò sunkún. Àlá Màmá ló ń lá. Àyè kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ó ní ẹ̀yìn ni Màmá kọ́kọ́ kọ sí òun lójú àlá, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń yíjú, ìwọ̀nba tí òun bá sì rí lóru ni òun ń yà láàárọ̀. A rí gèlè. A rí etí àti yẹtí. A rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ojú kan.

"Ó ku ojú kejì àti ẹnu," ló sọ fún mi. "Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá mi sọ. Mo rí i nínú bó ṣe ń mí. Tó bá yíjú tán, màá gbọ́."

Èmi náà ń retí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ti sáré dé pálọ̀.

Níbi tiwa, wọn kì í gbé òkú àgbà wọ ilé tí a ò kùn. Tí ẹ bá rí ilé tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán ní ìlú wa, ẹ má wulẹ̀ béèrè, òkú ńlá kan ń bọ̀ ni. Dádì mi, tí í ṣe àkọ́bí, dé láti Èkó pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ sọ ọjọ́ ìsìnkú fún àwọn ẹbí Màmá, kó sùn níbẹ̀ kó lè sinmi. Bí takisí rẹ̀ ṣe ń jáde ni àwọn pẹ́ńtà ń wọlé.

"Kó tó dé, ilé á ti di tuntun," ni Dádì wí. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. "Ọdún mélòó ni Màmá fi gbé nínú ẹrẹ̀ yìí? Ó yẹ kó sùn níbi tó mọ́."

Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Dádì, Bàbá ò tíì ya ojú Màmá tán."

"Ojú wo? Olójú kan yìí ni Màmá mi? Màmá mi arẹwà! Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn bá irú èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ẹ̀ ni?"

Àǹtí mi, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Dádì, gbá mi mọ́ra. "Má sunkún, ọmọ mi. Fọ́tò ẹ̀ gbàǹgbà la máa gbé kọ́ síbẹ̀."

Wọ́n fi pépà oníyanrìn ha ògiri. Erùpẹ̀ pupa àti búlúù ń já bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbá a dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kun funfun, wọ́n tún kun funfun lé e.

Nígbà tí Bàbá dé, gbogbo wa la jáde lọ pàdé rẹ̀. Àǹtí ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo ilé yín o! Ulé yín dára!" Bàbá wọlé. Ó rìn tààrà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó gbé ọwọ́ náà wá síwájú, ó wò ó títí.

"Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ó ku díẹ̀ kó sọ̀rọ̀."

Dádì rò pé ìbànújẹ́ ló ń da orí rẹ̀ rú. Ó dì mọ́ ọn, ó ń pàrọwà fún un, ọ̀dà ọwọ́ Bàbá sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

Màmá ò wá sójú àlá Bàbá mọ́. Ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́. Dádì ra kánfáàsì tí wọ́n fi ń ya àwòrán àti ọ̀dà olówó gọbọi ránṣẹ́ láti Èkó, inú ọ̀rá ni wọ́n wà títí. Bàbá wá ń jí bí èèyàn gbogbo, ó ń fọ ẹnu ní kùtùkùtù, ó ń dáhùn ìkíni. Àwọn ará ìjọ ní ara rẹ̀ ti yá. Ẹ gbà mí, wọ́n dúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Èmi tí mò ń bá a gbé rí i bó ṣe ń jókòó kọjú sí ògiri funfun láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkùnrin náà ti lọ, ara rẹ̀ ló kù.

Nígbà tí òun náà kú, Dádì tún ra ọ̀dà. Àwọn pẹ́ńtà tún wá, wọ́n tún kun funfun lé funfun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Kò tiẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń bò mọ́.

Adó ni mò ń gbé báyìí. Fọ́tò Màmá wà ní pálọ̀ mi, ó rẹwà, ó ń rẹ́rìn-ín sí onífọ́tò tí kò mọ̀ rí. Ìbá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní mo rí ẹnì kan tí mo lè bínú sí. Ta ni kí n bá jà? Dádì, tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn níbi tó mọ́? Àbí Àǹtí, tó nu ojú mi nù? Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun ṣe ohunkóhun. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé obìnrin kan ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, ó kú, ó tún padà wá láti sọ ọ́, a ò sì jẹ́ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ló wà lọ́kàn mi títí dòní. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láé.