Bí Oyèníkẹ́ Ṣe Tọpinpin Ẹ̀pà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Oyèníkẹ́, kó pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ akọ̀wé owó lásán. Á wò ẹ́ láti òkè délẹ̀, á sì bi ẹ́ bóyá ìwọ máa ń mọ iye tí ọbẹ̀ máa ná ẹ kó o tó gbé ìkòkò kaná. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní ilé-iṣẹ́ kan ní Bompai nílẹ̀ Hausa, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀pà, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá fún àwọn onísọ́ọ̀bù, òun ló ń sọ ṣáájú iye tó yẹ kí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ná wọn. Tóṣù bá parí, á gbé iye tó yẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ná gan-an, á sì wádìí ohun tó fa ìyàtọ̀ àárín wọn. Àwọn méjèèjì kò dọ́gba rí. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá dọ́gba, a jẹ́ pé ẹnì kan ti purọ́.

Sabon Gari ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló bá iṣẹ́ rélùwéè wá láti Ọ̀fà, tí kò padà mọ́. Tí Oyèníkẹ́ bá fi Yorùbá bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí nílé, Hausa ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ní Ọjà Sabon Gari, àwọn tó ń ta ẹ̀wà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá ti wọn ẹ̀wà tán, tí wọ́n fẹ́ di ọ̀rá, á nawọ́ sí wọn, á ní, “Gyara fa?” Èènì ló ń bèèrè yẹn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi bù ú.

Lọ́dún yìí ni ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í dá wàhálà sílẹ̀. Lóṣooṣù, èyí tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀ ń ju èyí tó yẹ lọ. Oyèníkẹ́ kọ ọ́ síwájú Ọláìtán, ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Èèyàn dáadáa ni Ọláìtán, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kì í dúró gba àlàyé. Bó ṣe rí àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé báyìí, ó dìde, ó di yàrá tí wọ́n ti ń di ọjà. Jímọ́ọ̀, bàbá àgbàlagbà tó ń fi múdù wọn ẹ̀pà sínú ọ̀rá, ló nàka sí. “Kai ɓarawo ne!” ló pariwo mọ́ ọn. Olè ló pè é, ní Hausa, lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá ti parí, kó máa lọ ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Oyèníkẹ́ wọra, nítorí ìwé tirẹ̀ ni wọ́n fi dójú ti bàbá náà.

“Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, sà,” ló wí nínú ọ́fíìsì.

“Ta wá ló kó ẹ̀pà mi?” ni Ọláìtán fi dá a lóhùn.

“Tí ọbẹ̀ bá náni ju bó ṣe yẹ lọ, sà, ó lè jẹ́ pé tòmátò ló wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó sè é ló da tòmátò jù sí i. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi alásè. Ẹ̀pà ti gbówó lórí lọ́jà, Jímọ́ọ̀ kọ́ ló ń lọ rà á. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ti wá.”

“Èyí tó kù ńkọ́?”

“Ẹ̀pà tá a lò jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá a kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.”

Ẹlòmíì á jókòó ti kọ̀ǹpútà. Oyèníkẹ́ bọ́ bàtà gíga rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ sílípáàsì, ó lọ sí ilé ìkẹ́rù. Ó gbé ọ̀rá kan lé òṣùwọ̀n: ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé òmíràn: bákan náà. Ó ń gbé e títí tí ẹ̀yìn fi ń ro ó, kò rí èyí tí kò wúwo jù. Ló bá bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Olè wo ló ń jí ẹ̀pà tó tún ń fi kún ti oníbàárà?

Ó kọrí sí ọ̀dọ̀ Jímọ́ọ̀. Bàbá náà kò gbójú sókè wò ó.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Múdù mélòó lẹ̀ ń bù sínú ọ̀rá kan?”

“Ẹyọ kan ni, Màdáàmù. Wallahi, ẹyọ kan.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú kí n rí i.”

Jímọ́ọ̀ bu múdù kan, ó fi igi gé orí rẹ̀ kó lè dọ́gba, ó dà á sínú ọ̀rá. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá tún lọ sínú ẹ̀pà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á lé e. Kò tiẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀hún.

“Ìyẹn ńkọ́, Bàbá?”

“Èwo?”

“Èyí tẹ́ ẹ bù lé e yẹn.”

“Haba, Màdáàmù! Gyara ni. Ṣé wọ́n máa ń ka èènì mọ́ ọjà ni? Èèyàn á wá ra ẹ̀pà, ká gé e lórí fún un báyìí, ká má fi nǹkan kan sí i? Ṣé ká lè gba èpè ni?”

Ọjà ni Jímọ́ọ̀ ti ń wọn ọkà kó tó dé Bompai, ibẹ̀ ló sì ti darúgbó. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní yàrá náà, kò sẹ́ni tí ẹ̀kúnwọ́ yẹn ṣe ní kàyéfì rí. Wọ́n bi í ní iye múdù, ó ní ẹyọ kan. Wọ́n bi í níbi tí èyí tó kù wà, ó ní òun ò mọ̀. Bàbá náà kò purọ́ rárá. Oyèníkẹ́ gan-an ló wọn ẹ̀pà lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tó ń ṣètò iye tó yẹ fún ọdún yìí, ó gé e lórí géérégé, kò rántí èènì. Òun tí kì í jẹ́ kí ẹlẹ́wà sinmi!

“Láti ọjọ́ Ajé, mi ò lè yọjú sí mọ́ṣáláṣí,” ni Jímọ́ọ̀ rọra sọ. “Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí la jọ ń kírun ládùúgbò wa ní Hotoro.”

Oyèníkẹ́ padà sọ́dọ̀ Ọláìtán, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò sì bo àṣìṣe tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ó dáa. Sọ fún un kó yéé bu èènì, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.”

Oyèníkẹ́ kò dìde. “Kò tíì tán, sà. Ẹ pè é lólè.”

“Màá pè é wá síbí, màá bẹ̀ ẹ́.”

“Ibí kọ́ lẹ ti pè é bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọláìtán. “Kí n wá máa bẹ òṣìṣẹ́ mi níta gbangba?”

Ẹ̀rù ba Oyèníkẹ́, ká má purọ́. Obìnrin tó ń san owó ilé-ìwé ọmọ kì í fi iṣẹ́ ṣeré.

“Sà, iṣẹ́ mi ni pé kí n wá ìyàtọ̀, kí n sì sọ ẹni tó ni ín. Mo ti sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní lè kọ òmíràn fún yín mọ́, nítorí èyí tí mo kọ lẹ fi ba orúkọ àgbàlagbà jẹ́.”

Ọláìtán dìde, ó di yàrá tí wọ́n ti ń di ọjà, Oyèníkẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá. Gbogbo yàrá dákẹ́. “Bàbá Jímọ́ọ̀,” ló wí, “ẹ má bínú. Ẹ ò jí nǹkan kan. Èmi ni mo kánjú.”

“Ó ti tán, Ọ̀gá. Ẹ ṣé,” ni Jímọ́ọ̀ dáhùn. Àwọn tó kù ń wo ara wọn lójú, nítorí àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn kò tó nǹkan. Ọláìtán yíjú láti máa lọ. Oyèníkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún un.

“Hausa lẹ fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, sà,” ló wí.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó yí padà sí wọn, ó sì gbé ohùn sókè bó ṣe gbé e lọ́jọ́ tó ń bínú: “Jimoh ba ɓarawo ba ne!” Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ: Jímọ́ọ̀ kì í ṣe olè.

Bàbá náà jókòó sórí àpò ẹ̀pà, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà yẹn ni Oyèníkẹ́ tó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí Ọ̀gá lè kọjá.