Ọbẹ̀ Gbígbẹ Tí Mo Dì Mọ́ Sányán

Baba Ọlọ́fì kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn tẹ́ sányán náà sórí ẹní níwájú mi, ó ní, “Àṣàkẹ́, fimú kàn án.”

Mo fimú kàn án.

“Òórùn kí lo gbọ́?”

“Irú ni, Baba.”

“Irú ni. Ọmọ èèyàn pàtàkì kan ní Ṣakí ni yóò ró aṣọ yìí wọ ilé ọkọ. Ṣé kó máa rùn bí ìkòkò ọbẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀?”

Ẹ̀rín ń gbọ̀n àwọn ahunṣọ nídìí ọfì, wọn ò lè rín in síta. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àbàwọ́n méjì tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín aṣọ náà, ọwọ́ mi ló sì ṣe ọbẹ̀ tó fi í síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí ogun Jámánì ń lọ lọ́wọ́ lókèèrè, ìyàwó kékeré ni mí nínú agbo ilé ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn. Ṣakí ni wọ́n ti gbé mi wá. Baba Ọlọ́fì ni olórí gbogbo ọfì agbo ilé náà. Aṣọ tí wọ́n bá hun, ọkọ mi, Baba Rábíù, àti àwọn alárù ní í rù ú lọ sí Ṣakí, nígbà mìíràn wọ́n á kọjá ààlà sí ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọ́n ń mú èlùbọ́ dání, nítorí èlùbọ́ ò ní wàhálà: omi gbígbóná, orógùn, ọkà délẹ̀. Ọbẹ̀ ni kò sí. Ta ni yóò gbé ọlọ àti ọmọ ọlọ rìn dé Ṣakí?

“Iyọ̀ la fi ń jẹ ẹ́,” ọkọ mi á wí bó bá dé. “Bí ẹni ń gbé amọ̀ mì.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ní, kí tilẹ̀ ni èlùbọ́? Iṣu tó ń dúró de omi ni. Kí ló wá dé tí ọbẹ̀ náà ò lè dúró de omi? Inú mi dùn sí èrò yìí débi pé mo fi ẹran sílẹ̀ lórí iná títí ó fi jó.

Mo gún ata gbígbẹ, ilá gbígbẹ, irú tí mo ti sá, ẹja àrọ̀ yíyan àti iyọ̀ pọ̀ nínú odó. Ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ ló kù. Ọwọ́ mi lọ sí ìkòkò òrí, nítorí igi òrí kún oko wa, òrí ò wọ́n wa. Ọyẹ́ ń jà lásìkò náà. Mo fi òrí pò ó, mo rọ ọ́ róbótó bí ẹyin awó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti le bí òkúta. Mo sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó ta padà! Mo di mẹ́wàá fún ọkọ mi, wọ́n kì í sáàárín aṣọ nínú ẹrù.

Ìgbà tí wọ́n padà dé, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn Sùmọ́nù, alárù wa tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. “Ìyàwó inú ẹrù dà? Ẹ fún mi ní mìíràn! Mo jù ú sómi gbígbóná, mo rò ó, ọbẹ̀ dé! Kì í jowú, kì í bi mí níbi tí mo sùn.”

Ìyá Rábíù, ìyálé mi, dá a lóhùn láti ìdí ààrò: “Ní kó bímọ fún ọ, Sùmọ́nù, ká wá sọmọ lórúkọ.”

Kí ọyẹ́ tó lọ, àwọn alárù Òtu àti ti Adó-Àwáyè ti ń yà sílé wa kí wọ́n tó mú ọ̀nà pọ̀n. Odó mi kì í tutù. Orí mi wú, n ò ní parọ́.

Ọyẹ́ bá lọ. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn gan-an dé. Lójú ọ̀nà Àgó-Àrẹ, lórí Sùmọ́nù, òrí rántí pé epo ni òun.

Bí àbàwọ́n ṣe dé ara sányán nìyẹn. Ọ̀nà ni wọ́n ti rí i tí wọ́n fi gbé ẹrù náà padà wálé. Ọfì mẹ́ta ni wọ́n dà sí i láti hun aṣọ tuntun dípò èyí tó bàjẹ́, díẹ̀ ló kù kí ọjọ́ ìgbéyàwó bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Baba Ọlọ́fì sì pàṣẹ: “Ọbẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá aṣọ mi wọ inú ẹrù kan náà mọ́.” Àwọn agbo ilé ahunṣọ yòókù gbọ́, wọ́n ní tiwọn náà nìyẹn.

Òwò mi kú. Orí kan, ẹrù kan ni ti alárù. Ibo ni yóò tún dì í sí? Ẹnì kan dì í mọ́ èlùbọ́, èlùbọ́ fa òrí mu, kò ṣeé rò mọ́. Ó gbé e wá dà sẹ́nu ọ̀nà mi.

Mo wá ohun mìíràn. Mo rí i tí ọkọ mi ń fi ẹ̀kọ pa òwú kó lè le lórí ọfì, mo ní kí n fi ẹ̀kọ po ọbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó hu irun funfun.

“Ọbẹ̀ rẹ ti darúgbó,” ni Ìyá Rábíù wí. “Ẹ jẹ́ ká máa kí i lójoojúmọ́.”

Lọ́jọ́ kan ìyá mi fi lúrú ránṣẹ́ láti Ṣakí. Ewé oṣè tí a sá gbẹ, tí a lọ̀ kúnná, ni lúrú. Ọbẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀. Mo sè é, a jẹ ẹ́, mo sì gbàgbé láti fọ ìpọnbẹ̀. Orí ògiri ló wà nínú oòrùn títí di ọjọ́ kejì tí ìyálé mi fi rí i.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣakí nìyí? Ìpọnbẹ̀ lo fi sílẹ̀ báyìí?” Ó mú ọ̀bẹ, ó ń ha á. Kò ṣí kúrò. “Wá wò ó! Ó ti di èèpo igi!”

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ pa á: kò lẹ̀, kò yọ́, kò ní òróró, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń pa á láti àná. Mo tì í bọ omi gbígbóná. Ó tú wẹ́rẹ́, ó ń yọ̀! Mo kígbe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ gbà mí,” ni Ìyá Rábíù wí. “Ẹni tí mo ń bá wí ló ń jó.”

Mo fi lúrú àti omi díẹ̀ po ọbẹ̀, mo sá a gbẹ dáadáa, mo tọ́jú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kò hu irun. Mo gbé e lọ síwájú Baba Ọlọ́fì, mo kúnlẹ̀.

“Baba, èyí ò ní òróró nínú. Kò lè ba aṣọ jẹ́.”

“Tàkọ́kọ́ náà le bí òkúta nígbà tí o gbé e wá,” ó fèsì. “Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í nu àbàwọ́n.”

Ó wọlé. Nígbà tó jáde, sányán tirẹ̀ ni ó gbé dání, èyí tó ń wọ̀ lọ sí yídì nígbà Iléyá.

“Dì í sínú èyí. Bó bá bàjẹ́, kò sí ọmọ ẹlòmíràn tó máa sunkún. Ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, Àṣàkẹ́, o ò tún ní gún ọbẹ̀ títà nínú agbo ilé yìí mọ́.”

Mo dì í. A gbé e sórí àpáta lẹ́yìn ilé láti ìyálẹ̀ta. Ọfì dákẹ́, gbogbo agbo ilé tò sábẹ́ ìbòòji. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó.

“Ìyàwó inú ẹrù,” ni Sùmọ́nù ń ké sí ìdì náà, “má làágùn o! Jọ̀wọ́, má làágùn!”

Nígbà tí wọ́n kí ìrun Alásárì tán, Baba Ọlọ́fì gun àpáta lọ. Mo rò pé ó fẹ́ tú u. Ó yíjú pa dà, ó sì fìdí lé e, ó jókòó.

“Baba!” Mi ò mọ̀gbà tí mo kígbe.

“Kí ló dé? Ṣé àwọn alárù kì í jókòó lórí ẹrù ni?”

Sùmọ́nù wo ibòmíràn. Gbogbo wa gbọ́ ọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń fọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ó dìde, ó tú aṣọ. Ìyẹ̀fun pupa ti kún ojú sányán láti etí dé etí. Mo kúnlẹ̀. Ìyá Rábíù di ọwọ́ mi mú, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Baba wo aṣọ, ó wò mí. Ó kó àwọn èyí tó ṣẹ́ kù ní wóró sínú igbá, ó di etí aṣọ mú, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pá!

Ata bá afẹ́fẹ́ dìde. Ẹ̀yin èèyàn mi, a sín! Ọkọ mi sín, Sùmọ́nù sín títí ó fi jókòó. Baba Ọlọ́fì sín, fìlà rẹ̀ já bọ́. Nígbà tí omijé kúrò lójú wa, ó ti na sányán náà sí oòrùn, ó ń wò ó fínnífínní. Ó fimú kàn án. Ó tún sín.

“Mo gbọ́ òórùn ata,” ó ní. “Ata á fò lọ. Òróró ni kì í lọ, kò sì sí òróró níbí.”

Kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, Ìyá Rábíù ti gba igbá náà, ó ti da wóró ọbẹ̀ sínú omi tó ń hó. Ọkà ọjọ́ náà, Baba bu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń di ẹrù Ṣakí. Mo kó ọbẹ̀ ogún wá, mo sì rọra tò ó sókè ẹrù, níta, lẹ́bàá okùn.

“Kí lo ń kó o síta fún?” Baba Ọlọ́fì ló wà lẹ́yìn mi.

“Kí aṣọ má baà...”

“Àárín ni kó wà. Ibi tí kò ti ní fọ́.”

Mo ya ìṣẹ́po sányán sọ́tọ̀, tuntun gbáà, mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ọbẹ̀ sáàárín rẹ̀. Ọkọ mi so ó, Sùmọ́nù gbé e rù. Ọ̀pọ̀ ẹrù ni ọbẹ̀ mi ti bá lọ láti ìgbà náà. Èyí nìkan ni mo sìn dé ẹ̀yìn odi, tí mo dúró wò títí igbó fi gbà á lójú mi.