Gọ́ọ̀mù tí kò mú lára dáṣíbọ́ọ̀dù bàbá mi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́ dùn ún ṣe nílé, mo máa bá onítọ̀hún jà. Ìjàpá bàbá mi, ọkọ̀ kékeré tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè nínú ọgbà wa ní àdúgbò Ogunu.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá mi jókòó sílé láti ìgbà òjò, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ará ìjọ fẹ́ máa wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé àdúrà, ó kọ̀ jálẹ̀, àfi ìjàpá tirẹ̀. Oòrùn sì ti mú kí gbogbo awọ tó bo dáṣíbọ́ọ̀dù sán. Ó ní kí n kọ́kọ́ tún un ṣe, òun ò lè jókòó ti ohun tó bàjẹ́ tó òun. A fi àdéhùn sí Sọ́ńdè. Bí mi ò bá parí rẹ̀, ilé náà ló máa wà, ta ló sì mọ ìgbà tó tún máa gbà láti jáde?

Mo bó awọ àtijọ́ kúrò, mo fi sáńpépà ha abẹ́ rẹ̀ títí ìka mi fi bó, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ tuntun mọ́ ọn. Ó dán gbinrin. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti ṣí níwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Mo tún un lẹ̀. Ó tún ṣí, ibẹ̀ náà! Mo gbé agolo gọ́ọ̀mù, ó di ọjà Igbudu. Mo pariwo lé ọkùnrin tó tà á fún mi lórí.

"Oga, na your hand bad, no be my gum."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n da gọ́ọ̀mù náà lé e lórí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo tètè jáde láti tún un lẹ̀. Mo bá màmá mi nínú ọkọ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, kò wọ bàtà. Ó ń fi òróró àdúrà ya àgbélébùú sórí awọ tí mo lẹ̀, òróró ń ṣàn wọ abẹ́ rẹ̀.

"Háà! Màmá, ẹ̀yin lẹ ń bà mí níṣẹ́ jẹ́! Gọ́ọ̀mù kì í mú níbi tí òróró bá wà!"

Ó rọra dé ìgò náà.

"Àràárọ̀ ni mo máa ń fi sí i kí bàbá rẹ tó wakọ̀ jáde. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo sùn gbàgbé. Ọjọ́ yẹn ni àìsàn yìí dá a dùbúlẹ̀ sídìí ọkọ̀. Látìgbà náà, mi ò gbàgbé mọ́."

Mo nu òróró náà, mo tún un lẹ̀, inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà jẹ́ ká ti ilé àdúrà dé ná kó tó tún fi sí i.

Ní Sọ́ńdè, gọ́ọ̀mù ti mú dáadáa. A gbé bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú, màmá mi wà lẹ́yìn. Bàbá na ọwọ́ òsì sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ pa awọ iwájú ibi tó ti máa ń jókòó wakọ̀, ó wo ìka rẹ̀.

"Màmá, o ò tíì fi òróró sí i."

Màmá mi wò mí. Ìgò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ fi sí i, ẹ jọ̀ọ́."

Kí a tó dé ilé àdúrà, awọ ti ṣí. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì rẹ̀ dì í mú títí a fi dúró.